Ta Ló Ń Jẹ́ Olódo?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá wa. Ó yọ 17 kúrò nínú 45, ó kọ 32. A ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún kọ 32. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu wa: "Àbí olódo ni ẹ́ ni?" Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn pa ìwé dé, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Mi ò lè mọ ìṣirò."

Bó ṣe tètè gbà bẹ́ẹ̀ ló dùn wá jù. Òdo jẹ́ máàkì iṣẹ́ kan ní ọjọ́ kan, àwa la sọ ọ́ di orúkọ ènìyàn. Àwọn àgbà sì ti sọ pé orúkọ a máa ro ọmọ.

Kí wá ni ọmọ tí ìṣirò ń bà lẹ́rù ní ẹ̀tọ́ láti gbà lọ́wọ́ àgbà? Àwọn kan ní ká máa yìn ín ṣáá, ká sọ fún un pé ó mọ̀ ọ́n. Irọ́ nìyẹn, ọmọ náà sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó ń rí bíírò pupa olùkọ́ nínú ìwé rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní, "Má da ara ẹ láàmú, èmi náà ò mọ ìṣirò rí." Wọ́n rò pé àwọn ń tù ú nínú ni, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń sọ fún un pé àrùn ìdílé ni.

Ètò kọ̀ǹpútà là ń kọ jẹun. Ojoojúmọ́ ni ohun tí a kọ ń kọṣẹ́. A lè fi wákàtí mẹ́ta wá àṣìṣe kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó máa pè wá ní olódo. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré la fún ọmọ wa. Ìyẹn gan-an ló tì wá lójú.

Ní 1978, John Seely Brown àti Richard Burton tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àṣìṣe àwọn ọmọ iléèwé nínú ìyọkúrò. Wọ́n fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe wọ̀nyẹn kì í ṣe àìronú. Ọmọ ń tẹ̀lé òfin kan, òfin yẹn ló kù díẹ̀ káàtó, bí ìgbà tí bug bá wà nínú ètò kọ̀ǹpútà.

A padà lọ bá ọmọ wa. A bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tá a sọ. Àwọn kan á ní àgbà kì í bẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n àgbà ló ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà la ní, "Sọ bó o ṣe ṣe é fún wa." Ó ní 7 ò ṣeé yọ nínú 5, lòun bá yọ 5 nínú 7, ó ku 2, òun yọ 1 nínú 4, ó ku 3. Àṣé ó ní òfin! Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn ò fi yí padà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ kèrègbè: òun nìkan ló lè sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ fún wa.

A ní kó fi Yorùbá pe 17.

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ogún tó dín mẹ́ta, àbí? Yọ ogún nínú 45 ná."

"Ó ku 25."

"A ti yọ jù. Mélòó la máa dá padà?"

Ó ronú. "Mẹ́ta. Ó di 28!"

A ní kó pe ìdáhùn méjèèjì. Méjìlélọ́gbọ̀n. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ó yẹ kó dín, mo jẹ́ kó lé!"

A ò sọ pé ẹ̀rù ti tán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìsọdipúpọ̀ tún dà á láàmú. Ṣùgbọ́n kò pa ìwé dé mọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ wá bá mi wo ibi tó ti bàjẹ́."

Lójú tiwa, gbèsè tá a jẹ ọmọ nìyẹn: ká sọ òótọ́ fún un pé kò gbà á, ká jókòó tì í títí a ó fi rí ibi tó ti ṣìnà, ká sì jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe.