Ṣé Ìgbàgbọ́ Ṣe É Wọ̀n?

Kí nọ́ńbà wà lára nǹkan kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti wọn nǹkan náà. Lórí èyí ni ìgbìmọ̀ kan tí British Association for the Advancement of Science yàn ní 1932 ṣe jiyàn títí di 1940, tí ọ̀rọ̀ ò sì lójú. Norman Campbell, onímọ̀ físíìsì, takú pé ohun tó bá ṣe é rò pọ̀ nìkan ló ṣe é wọ̀n: kílò 2 lórí kílò 3, kílò 5 ni. Bí ariwo ṣe ń dún tó létí ènìyàn ńkọ́? Ta ló lè gbé ìgbọ́ràn kan lé èkejì?

S. S. Stevens ti Harvard, ẹni tí òṣùwọ̀n ariwo tirẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, fèsì ní 1946 nínú ìwé ìròyìn Science. Ó ní oríṣi òṣùwọ̀n mẹ́rin ló wà. Èkíní kàn ń dárúkọ ni, bíi nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù. Èkejì ń to nǹkan ní ipò, ṣùgbọ́n kò sọ bí ipò kìíní ṣe jìnnà sí èkejì tó.

Ẹ̀kẹta ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Àlàfo àárín nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba, àmọ́ àdéhùn lásán ni òdo rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá kúrò ní 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius tó di 20, ẹnu á yá láti ní ooru ti di ìlọ́po méjì. Lórí Fahrenheit, 50 ló di 68. Ìlọ́po méjì ti pòórá, bẹ́ẹ̀ ooru kan náà ni. Ibi tí omi ti ń di yìnyín ni òdo Celsius, ooru kò tíì tán níbẹ̀. Òdo òṣùwọ̀n Kelvin ni òdo tòótọ́. Òṣùwọ̀n yìí, ti gígùn àti ti ìwúwo ló wà ní oríṣi kẹrin, èyí tí òdo rẹ̀ kì í ṣe àdéhùn.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ wà? Ẹ̀sìn tí ènìyàn ń ṣe bọ́ sí oríṣi kìíní. Iye ìgbà tó lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù bọ́ sí ẹ̀kẹrin, torí ẹni tí kò lọ rárá ní òdo tòótọ́. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Bí olùwádìí bá ní kí onítọ̀hún fi nọ́ńbà 1 sí 5 sọ bí ẹ̀sìn ṣe jẹ ẹ́ lógún tó, ipò ló gbà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi hàn pé àlàfo 1 sí 2 bá ti 4 sí 5 dọ́gba, tàbí pé 4 ẹnìkan ni 4 ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rò wọ́n pọ̀ tí wọ́n ń pín in.

Frederic Lord, onímọ̀ nípa òṣùwọ̀n ìdánwò, gbèjà irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní 1953, pẹ̀lú ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan lórí nọ́ńbà agbábọ́ọ̀lù: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì ń ráhùn pé nọ́ńbà tí wọ́n tà fún àwọn ti kéré jù, ìṣirò sì fi hàn pé ó ṣòro kí ó jẹ́ èèṣì. Àwíjàre rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ìṣirò náà jẹ́rìí sí, kò sọ nǹkan kan nípa àwọn tó wọ aṣọ.