Ẹni Tí Ó Mọ Ipasẹ̀ Ẹran

Ìbéèrè kan ń bẹ tí ó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà èwe mi: bí ènìyàn bá ní ìmọ̀ tí ó lè fi borí ẹ̀dá mìíràn, ǹjẹ́ ìmọ̀ náà nìkan tó láti fún un ní ẹ̀tọ́ láti lò ó?

Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kí ó tó gbé ìbọn jáde láti lọ dẹ àgbọ̀nrín, a máa kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan tàbí méjì wo ilẹ̀, èmi a sì máa tẹ̀ lé e. Òun ni ó kọ́ mi pé bí ẹran bá ti gbọn ìrì dànù lára koríko, òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó kọjá. Pé ìgbẹ́ tí ó ṣì ń dán kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Pé igi kékeré tí èèpo rẹ̀ bó, akọ ni ó fi ìwo ha á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ipasẹ̀ àgbọ̀nrín kan tí ó wọ inú igbó dídí, tí ó sì tún jáde, ti àná àti ti òní lórí ara wọn. Kò sí ewé tí ó já jẹ níbẹ̀, kò sì sí ojú ìwo lára igi. Mo ní kí a wá orí igi tí a ó ti ṣọ́ ọ. Bàbá kọ̀. Ó ní, "Abiyamọ ni. Ọmọ rẹ̀ ni ó fi pamọ́ síbẹ̀."

Mo ní n kò rí ipasẹ̀ ọmọ, n kò sì rí ìgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun náà rí gan-an nìyẹn. Òótọ́ ni: abo àgbọ̀nrín lè fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, a máa wá fún un lọ́mú, a sì máa jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà, kí òórùn rẹ̀ má baà júwe ọ̀nà fún ẹranko apanijẹ.

A padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹran yẹn ni à bá tà láti fi san owó ilé ìwé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Mo bi í léèrè pé, "Bàbá, ṣé ọmọ ẹranko sàn ju ọmọ yín lọ ni?" Ó dáhùn pé, "Kò sàn jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀. A kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mọ́."

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyà ọdẹ nìkan ni òwe yìí rò. Ọdẹ mìíràn tí ebi ń pa ará ilé rẹ̀ ì bá ṣọ́ ibẹ̀, n kò sì ní í dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò mọ ipasẹ̀ ì bá pa á láìmọ̀, ọkàn rẹ̀ ì bá sì balẹ̀. Àìmọ̀ rọrùn ju ìmọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn kọ́ ni a fi ń díwọ̀n ìwà.

Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé di ọgbà ìpamọ́ ẹranko. Òfin dára, ṣùgbọ́n ibi tí òfin kò dé pọ̀. Níbẹ̀, ọdẹ àti ọkàn rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń wo ilẹ̀. Ọgbọ́n tí ó fi ibi tí ẹran yóò gbà hàn wá náà ni ó fi ohun tí ẹran ń wá lọ hàn wá. A kò lè mú apá kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Mo ti dàgbà ju bí Bàbá ti dàgbà nígbà náà lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, n kò tíì rí èsì tí mo lè fún un.