Òkè, Oòrùn àti Ààwẹ̀ Arìnrìn-àjò

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin,

Àwọn kan nínú yín ní Bódìjà àti Agbowó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìbéèrè wọn ni pé: bí ènìyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́ la àárín àwọn òkè Òkè-Ògùn kọjá lọ sí Ṣakí nínú Ramadan, tí oòrùn ń ràn bí iná, ṣé kì í ṣe àìlera ìgbàgbọ́ bí ó bá ṣínu? Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni Ramadan ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ooru ń mú gan-an nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀sìn ń pè ní ìrìn-àjò. Agbowó sí Challenge kì í ṣe ìrìn-àjò, bí òkè Mọ́kọ́lá tilẹ̀ mú yín làágùn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀, títí kan àwọn ti Màlíkì, fi í sí nǹkan bíi 80 kìlómítà sókè. Ìbàdàn sí Ṣakí kọjá 150 kìlómítà. Ìyẹn ìrìn-àjò ni. Àwọn Màlíkì tún ní kí ẹni tí yóò lo ìyọ̀ǹda náà ti kúrò nílùú kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó yọ. Yóò sì san ààwẹ̀ náà padà.

Anas (R.A.) ròyìn ìrìn-àjò kan tí oòrùn mú púpọ̀. Àwọn kan gbààwẹ̀, àwọn kan kò gbà. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn aláàwẹ̀ ṣubú lulẹ̀ fún àárẹ̀. Àwọn tí kò gbààwẹ̀ ni wọ́n pàgọ́, tí wọ́n sì fún ẹran lómi. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun sì jẹ́ kó yé wọn pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó ẹ̀san ọjọ́ náà lọ. Ní ọdún kẹjọ Hijira, nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà nínú Ramadan, wọ́n sọ fún Ànábì pé ààwẹ̀ ń ni àwọn ènìyàn lára. Ó gbé omi sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ó sì mu ún.

Ṣé a wá lè sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n? Rárá o! Ìnira fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìjọsìn. Ibi tí à ń lọ ló ṣe pàtàkì.

Ní ọdún 2023, Mamadou Safaiou Barry, ọmọ Guinea, gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé láti wá ìmọ̀ lọ sí Al-Azhar ní Íjíbítì. Ó gba Mali, Burkina Faso, Togo, Benin àti Niger dé Chad, nǹkan bíi 4,000 kìlómítà. Ní Chad, àwọn aláàánú fún un ní owó bàálù. Kò sọ pé dandan ni kí òun fi kẹ̀kẹ́ parí rẹ̀, nítorí ìmọ̀ ló ń wá, kì í ṣe ìnira. Al-Azhar gbà á, wọ́n sì ní kí ó wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e, kí ó gbààwẹ̀ rẹ̀. Àwọn Màlíkì tilẹ̀ fẹ́ràn èyí fún un. Ṣùgbọ́n kí ó má fojú tín-ín-rín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn Sàhábà kò bú ara wọn lórí rẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí òógùn dá lójijì, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ abẹ́ igi, ẹ mu omi, ẹ da omi sára, kí wọ́n sì tètè gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò tilẹ̀ rìnrìn-àjò, bí ó bá bẹ̀rù ikú, dandan ni kí ó ṣínu.

Sunna kan wà fún ẹni tó ń gun òkè: bí ẹ bá ń gòkè, ẹ máa ṣe Allahu Akbar, bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa ṣe Subhaanallah. Èyí kò ni aláàwẹ̀ lára, kò sì ni ẹni tó ṣínu lára.

Kí Ọlọ́hun mú ẹsẹ̀ wa dúró lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Aamin. Wassalaam.