Aláàbọ̀ Ara Tí Ó Fẹ́ Kó Kúrò Nílé: Ṣé Ojú Rẹ̀ Ni Yóò Fi San Owó Ilé?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí mo ti rí ojútùú rẹ̀ tán. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù mélòó kan, nítorí pé èmi gan-an wà nínú rẹ̀, ipa tí mo sì kó níbẹ̀ kò dára tó bí mo ti rò nígbà náà.

Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn tí ó ń bá wa rán aṣọ àwọn ọmọ ilé kéwú. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú un ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e, igi méjì ni ó fi ń rìn. Máṣìn ọlọ́wọ́ ni ó ń lò nítorí pé kò lè tẹ ẹlẹ́sẹ̀. Ó níyàwó, ó bímọ méjì. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí a ti mọra, n kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé "ẹ bá mi wá nǹkan." Nígbà tí onílé rẹ̀ kú, àwọn ọmọ olóògbé ta ilé náà, ẹni tí ó rà á sì fún gbogbo ayálégbé ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n kó jáde.

Àwọn tó kù ráhùn, wọ́n bínú, wọ́n sì kó lọ. Ẹnì kan fi ọ̀kadà kó ẹrù rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹlòmíràn rí yàrá olówó pọ́ọ́kú lórí òkè. Télọ̀ wa nìkan ni ó kù sẹ́yìn, àwọn kan sì ti ń sọ pé ó ń fi àìlera ṣe ìmẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò mọ̀ títí tí mo fi bá a wá ilé kiri fún ọjọ́ mélòó kan. Ìbàdàn, ìlú olókè ni. Yàrá tí kò wọ́n, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó wà, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, tí àgbàrá ti wú gbogbo ọ̀nà. Bí kò bá sí lórí òkè, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Bí kò bá sí lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yìn ìlú ni, kí ènìyàn wọ ọkọ̀ méjì kí ó tó dé ibi iṣẹ́, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti di ohun tí a ń fi ara san. Bí kò bá sí ní ẹ̀yìn ìlú, ṣáláńgá ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, níbi tí ẹni tí ń fi igi méjì rìn kò lè lóṣòó sí. Gbogbo ohun tí ó ń mú kí yàrá dínwó ni kò jẹ́ kí ó wúlò fún un. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni yóò gba yàrá tí owó rẹ̀ ju ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Èyí kì í ṣe afẹ́. Owó ẹsẹ̀ ni.

A rí yàrá kan níkẹyìn, ní ìsàlẹ̀ ilé, nítòsí ọ̀nà, ilé ìyàgbẹ́ oníjókòó wà níbẹ̀. Owó ọdún kan, ₦200,000. Àgírímẹ́ǹtì, ₦20,000. Ti ajẹ́ǹtì, ₦20,000. Owó tí onílé ní òun ń tọ́jú dè bí wọ́n bá ba nǹkan jẹ́, ₦20,000. Ọkọ̀ akẹ́rù, ₦25,000. Àwọn alábàárù, ₦10,000, nítorí pé òun kò lè gbé àpótí kan ṣoṣo fúnra rẹ̀. Sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti owó bíríkìlà láti sọ àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú irin tí yóò máa dì mú nínú ilé ìyàgbẹ́, ₦30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦325,000. Ohun tí ó ń kù fún télọ̀ yìí lóṣù, bí iṣẹ́ bá yá, kò ju ₦45,000 lọ, ó sì kéré sí ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má lọ sílẹ̀ jù. Inú rẹ̀ ni oúnjẹ ti ń jáde àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Síbẹ̀, ó ti tọ́jú ₦90,000. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, tí mo ń gba owó oṣù, n kò ní iye yẹn nípamọ́ ní ọjọ́ tí ó sọ fún mi.

Òfin ìjọba ńkọ́? Òfin wà. Ọdún 2018 ni wọ́n ṣe òfin tí ó ka ìyà jíjẹ aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe àtúnṣe tí aláàbọ̀ ara yóò fi lè wọlé. Ṣùgbọ́n yàrá kan ní ilé alákọ̀ọ́dì kì í ṣe ilé ìjọba.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ó dùn mí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà náà pé ni mo lọ bá ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe, n kò sì ní purọ́ fún yín, ó wù mí kí àwọn ènìyàn rí mi bí olóore. Wọ́n ní kí n mú un wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn tí lémọ́ọ̀mù sálámà, ọ̀kan nínú wa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí àwọn ará má tíì dìde. Ó ní ẹ wo ẹrú Ọlọ́hun yìí, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ó wá ní kí ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Ó ká a. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, akẹ́kọ̀ọ́ mi, jókòó sí sáfù kẹta.

Wọ́n da owó náà sórí aṣọ funfun tí a tẹ́ sílẹ̀, ó jẹ́ ₦187,500. Ó yá èyí tó kù, ₦47,500, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì kó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra, n kò rí i ní mọ́sálásí. Nígbà tí mo lọ bá a, ó kí mi dáadáa, ó pọ́n mi lé, ó ní, "Àáfà, Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san rere. Owó yẹn ni ó fún wa nílé, n kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí bi mí pé ṣé gbogbo àwọn tí ó wà ní mọ́sálásí ló ni ilé wa báyìí ni. Mo ti ń wá èsì tí n ó fún un."

Ìbéèrè ọmọ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Bí a bá ṣe oore fún ènìyàn, tí a sì gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó ṣe é, ṣé a fún un ni, àbí a rà á?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Àáfà, bí ojú kò bá rí, ọwọ́ kì í là. Ẹ wá sọ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kó ₦187,500 jọ ní ìkọ̀kọ̀." Ó tún ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ìjọ, ẹlòmíràn á fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ tí ó yá gágá. N kò lè sọ pé irọ́ ni bàbá pa. Àbùkù tiwa ni òótọ́ rẹ̀ ń tú síta.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa ti ní ìdáhùn sí ọ̀ràn ayédèrú yìí tipẹ́tipẹ́. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá, Qabisa ọmọ Mukhariq wá bá Ànábì nítorí gbèsè kan tí ó gbà sọ́rùn láti fi parí ìjà. Ànábì ní kí ó dúró títí sàká yóò fi dé, kí wọ́n lè fún un nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé fún un pé ẹni mẹ́ta péré ni ìtọrọ tọ́ sí. Ẹnì kẹta nínú wọn ni ẹni tí òṣì ta, tí ènìyàn mẹ́ta olóye nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni. Ó tọ́ kí ó béèrè títí yóò fi rí ohun tí yóò mú un dúró. Ẹ̀yin ará, ènìyàn mẹ́ta! Ẹ̀rí ẹni mẹ́ta tí ó mọ̀ ọ́n ti tó, kò di ìgbà tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta bá wò ó. Àwa ni a sọ ẹ̀rí di ìran wíwò.

Nínú Súrátù Baqara, ẹsẹ 271, Ọlọ́hun yin sàráà tí a ṣe ní gbangba, Ó sì fi hàn pé èyí tí a fi pamọ́ fún aláìní dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ 273 tún ṣàpèjúwe àwọn aláìní kan tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n nítorí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn, àmì ara wọn ni a ó fi dá wọn mọ̀. Ta ni Ọlọ́hun wá gbé iṣẹ́ dídá wọn mọ̀ lé lọ́wọ́? Àwa tí a ní ojú ni. Oṣù mẹ́fà ni onílé tuntun fún télọ̀ yìí, èmi sì mọ̀ láti oṣù kìíní. Mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́, mò ń kí i pé "ilé ńkọ́?", ó ń ní "a dúpẹ́", èmi náà ń kọjá lọ. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó wá di kánjúkánjú, kánjúkánjú yẹn ni ó sì gbé e dé iwájú gbohùngbohùn. Bí ó bá tún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ìdílé kan sùn síta, n ó tún mú un lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà fún oṣù márùn-ún ó lé, èmi ni n kò gbà á.

Kíkó láti ibì kan sí ibòmíràn kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ẹ̀sìn wa, ẹ má gbàgbé pé orí rẹ̀ ni a gbé òǹkà ọdún wa lé. Nínú Súrátù Nisaa, ẹsẹ 97 sí 99, Ọlọ́hun bá àwọn tí wọ́n lè ṣe hijira ṣùgbọ́n tí wọ́n jókòó wí, Ó sì yọ àwọn aláìlágbára tí kò ní ọgbọ́n tí wọ́n lè dá, tí wọn kò rí ọ̀nà lọ, kúrò nínú ìbáwí náà. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ mọ̀ pé ohun èlò ni a fi ń kó lọ. Abdullah ọmọ Ummi Maktum sì wà níbẹ̀, afọ́jú, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ti Mẹ́kà dé Mẹ̀dínà, òun àti Mus'ab ọmọ Umayr ni wọ́n ń kọ́ àwọn ará Mẹ̀dínà ní Àlùkùránì. Ìrìn tí ó ju irinwó kìlómítà lọ nínú aṣálẹ̀! Nígbà tí ó dé, wọ́n rí ohun tí yóò ṣe: ó ń kọ́ni, ó tún ń pe ìrun. Ní ayé Khalifa al-Walid, tí ó jọba ní Damasku láti ọdún 705 sí 715, al-Tabari kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fún gbogbo arọ ní ìránṣẹ́, ó fún gbogbo afọ́jú ní ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́, ó sì fún àwọn adẹ́tẹ̀ ní owó kí wọ́n má baà tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. Àpò ìjọba ni ó ti yọ ọ́, kò tẹ́ aṣọ sílẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Sàká wa dà? Nínú Ràmádáánì, a máa ń rí ọlọ́rọ̀ tí yóò to ènìyàn bí ẹgbẹ̀rún sílẹ̀ lójú oòrùn, tí yóò sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦500. Àwọn arọ ni ó ń kẹ́yìn nínú ìlà bẹ́ẹ̀, bí wọn kò bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Owó ilé kì í wọlé ní ₦500, ₦500. Ìṣùpọ̀ ni onílé ń béèrè, ìṣùpọ̀ sì ni sàká lè ṣe. Imam Nawawi àti àwọn onímọ̀ mìíràn nínú mádíábù Shafi'i ṣàlàyé rẹ̀ pé kí á fún aláìní ní ohun tí yóò tó o, kí á fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní iye tí yóò fi ra irinṣẹ́ rẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Fún télọ̀ tí kò lè rìn jìnnà, yàrá tí ó súnmọ́ oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ara irinṣẹ́.

Ohun kan tún kù. Nígbà tí owó yẹn pé jọ, ẹnì kan ní kí á má gbé e fún un, kí á bá a gba yàrá olówó kékeré ní ẹ̀yìn ìlú, kí á sì fi èyí tó ṣẹ́ kù tún páànù mọ́sálásí ṣe. Mo dúpẹ́ pé n kò gbà ní tọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì sọ pé sàká aláìní gbọ́dọ̀ di ohun ìní rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, kí ó ná an bí ó ti mọ̀. Òun ni ó mọ iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi máṣìn.

Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ka tiwa sọ̀rọ̀. A yan ènìyàn mẹ́ta, obìnrin wà nínú wọn, tí wọn yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ ilé lọ́wọ́ àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn opó àdúgbò kí ọdún owó ilé wọn tó pé. Ẹni tí ó ń yọ sàká ń gbé e fún àwọn mẹ́ta yìí, kò sì ní gbọ́ orúkọ ẹni tí ó gbà á. Owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn báyìí kò tíì tó gba yàrá kan. Kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, gbèsè ₦47,500 tó wà lọ́rùn télọ̀ ni a fi san ní alájẹṣẹ́kù. Ó bi wá léèrè ẹni tí ó san án. A ní a kò mọ̀.

Ó ti rán aṣọ ọdún àwọn ọmọ ilé kéwú tán, ó sì gba owó rẹ̀ pé. Mọ́sálásí kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn ọjà ni ó ti ń kírun Jímọ̀ báyìí. N kò tíì bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ibẹ̀ ni èmi náà yóò ti kírun, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.