Èèwọ̀ Ara: Ta Ni Ká Gbà Gbọ́?



Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ẹmùré bi mí pé kí ló dé tí Ifá fi ń ka èèwọ̀ fún ẹnìkan, tí àbúrò onítọ̀hún á sì máa jẹ nǹkan ọ̀hún, tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣé babaláwo ò kàn ń dẹ́rù bani báyìí? Mo rẹ́rìn-ín. Kulorokúìn ni mo rántí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Òun ni oògùn ibà tí gbogbo ilé ń lò, kó tó di pé ìjọba Nàìjíríà fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2005, torí kòkòrò ibà ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó korò gan-an, àmọ́ ìyẹn ò tó nǹkan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e mì, láàárín wákàtí díẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún wọn, títí dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Ẹ ò sì ní rí nǹkan kan tó sú sí wọn lára. Ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló ti wọ́pọ̀. Síbẹ̀, nínú ilé kan náà, ẹnìkan á máa họra mọ́jú, ẹnìkejì á sùn fọnfọn.

Nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, èmi ni mò ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń họra. "Bàbá, ó ń yún mi." Bàbá á ní irọ́ ni, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣebí àbúrò rẹ̀ gbé tiẹ̀ mì. Èmi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí! Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wọn jiyàn. Ó ń kó hóró oògùn sábẹ́ ẹní. Ìgbà tí ibà gbé e dákú, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù, ni ìyá wa ká ẹní náà. Hóró mẹ́fà. Ó yè é, a dúpẹ́.

Ta ló jẹ̀bi? Babaláwo ni bàbá mi (ẹ má rẹ́rìn-ín, babaláwo náà ń ra oògùn lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì). Wọn ò jẹ́ fi ohun tí Ifá kà léèwọ̀ fún mi lọ́jọ́ ẹsẹ̀ǹtayé sẹ́nu mi láé, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ ẹ́. Odù tó bí wa yàtọ̀, wọ́n gbà. Kí ló dé tí wọn ò gbà pé ara náà yàtọ̀? Àmọ́ mi ò dá ẹ̀gbọ́n mi láre tán. Èèwọ̀ tí a fi pa mọ́ sábẹ́ ẹní, ta ló fẹ́ bá wa pa á mọ́? Àgbà tó sì ń pe ọmọ ní onírọ́ ló kọ́ ọ ní ìfipamọ́.

Ní tèmi, kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní àgbo, mo máa ń bi í pé kí ni kì í bá a lára mu. Lọ́jọ́ kan obìnrin kan dárúkọ ewé tí mo ti já sílẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín pé gbogbo ilé àwọn ló ń mu ún. Mi ò ní kó fi ara hàn mí. Mo lọ já òmíràn.