Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Ààbò Ra Àlàáfíà?

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ kan tí a ṣe ní Ẹdẹ níhìn-ín ní àìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa lẹ́yìn tí a ti parí ohun tí a torí rẹ̀ péjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan ti ka ìròyìn ogun ilẹ̀ òkèèrè, bí ààrẹ kan ti rán ikọ̀ lọ láti bá àwọn tí ọwọ́ wọn kún fún ẹ̀jẹ̀ jókòó, kí ogun lè dáwọ́ dúró. Ó sì béèrè pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí olórí orílẹ̀-èdè bọ apànìyàn lọ́wọ́? Àwọn kan wí pé ó yẹ. Àwọn mìíràn wí pé ìtìjú ni. Àríyànjiyàn náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí alága fi ní láti lu agogo.

Àwa kò sọ púpọ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sí ilé ni a ń rò ó pé, kí ni ó gbé wa dé òkèèrè, nígbà tí irú ọ̀ràn náà gan-an ti kan ilẹ̀ wa, lábẹ́ Ààrẹ tí í ṣe ọmọ Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa sì fi ojú ara yín rí i? Ọ̀ràn Charles Taylor ti Làìbéríà àti Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni a ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni àwọn ọmọ ogun Taylor gba ilẹ̀ Kódífúà wọ Làìbéríà láti lé Samuel Doe kúrò lórí oyè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990 àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a ń pè ní ECOMOG lọ sí Monrovia. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tí ó jẹ́ Ààrẹ wa nígbà náà, ni ó dúró ti ọ̀ràn náà gbọingbọin, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ni ó sì wá pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Àdéhùn ń gun orí àdéhùn: Bamako ní 1990, Yamoussoukro ní 1991, Kútọnu ní 1993, Akosombo ní 1994, Àbújá ní 1995 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1996. Taylor fọwọ́ sí wọn, ó sì ń rú wọn. Nígbẹ̀yìn, ní 1997, àwọn ará Làìbéríà dìbò, wọ́n sì fi Taylor fúnra rẹ̀ jẹ Ààrẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí ìbẹ̀rù pé bí kò bá wọlé yóò tún padà sínú igbó. Ní gbogbo àkókò yìí ni ó ń ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní Sàró, àwọn tí wọ́n ń gé ọwọ́ ọmọdé àti àgbà, ó sì ń gba òkúta dáyámọ́ńdì lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ó fi di ọdún 2003, ogun mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 ti dé ẹnu ibodè Monrovia. A pe ìpàdé àlàáfíà sí Accra, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tí ó ti jẹ olórí ìjọba wa rí, sì ni alárinà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí ìpàdé náà ṣí gan-an, tí Taylor sì wà níbẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe fún Sàró kéde ẹ̀sùn tí ó ti kọ sílẹ̀ dè é láti oṣù Kẹta. Àwọn ará Gánà kò mú un. Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí ilé. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà a fọwọ́ sí ìdáwọ́-ìjà-dúró, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ìbọn fi tún ń dún, tí ọta ńláńlá sì ń bọ́ lu àwọn ènìyàn tí kò ní ibi tí wọn yóò sá sí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje Ààrẹ Ọbásanjọ́ lọ sí Monrovia, ó sì fi ààbò lọ Taylor ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ àwọn ọmọ ogun wa bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀ síbẹ̀; ní ọjọ́ 11, Taylor gbé ìjọba lé igbákejì rẹ̀, Moses Blah, lọ́wọ́, ó sì wá sí Nàìjíríà, a sì fún un ní ibùgbé ní Kàlàbá. Ní ọjọ́ 18 a fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Accra. Irú ogun bẹ́ẹ̀ kò tún padà sí Làìbéríà láti ìgbà náà títí di òní.

Ẹ ó rántí bí ilẹ̀ wa ti pín sí méjì lórí ohun tí Ààrẹ ṣe yìí. Àwọn akọ̀ròyìn ni inú wọn kọ́kọ́ ru, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí ní 1990 ni àwọn ọmọ ogun Taylor pa méjì nínú wọn, Krees Imodibie àti Táyọ̀ Awotusin, tí wọ́n lọ kó ìròyìn jọ. Ní 2004 àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ṣe léṣe lọ́wọ́ ní Sàró gba ilé ẹjọ́ lọ ní Àbújá, wọ́n ní kí a fagi lé ààbò náà. Wọ́n ń béèrè pé, báwo ni ẹni tí ó pa ọmọ ilé yóò ṣe di àlejò bàbá ilé?

Ìbéèrè tí ó wúwo ni. Síbẹ̀ a kò ní fi èrò tiwa pamọ́: a gbà pé Ààrẹ ṣe ohun tí ó tọ́ ní ọjọ́ tí ó ṣe é. Àwọn àgbà a máa wí pé kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. (Òtítọ́ ni pé níhìn-ín akátá gan-an ni a mú wọlé, òwe kò bá gbogbo ọ̀ràn mu láì kù síbì kan.) Ìyá tí ó sá pamọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Monrovia ní oṣù Keje ọdún náà kò bèèrè pé kí a dá Taylor lẹ́jọ́ ní ọjọ́ náà, ó ń bèèrè pé kí ọta má ṣe bọ́ lu òun ní alẹ́. Ìlú tí a tẹ̀dó fún ìṣọ́ ni Ẹdẹ wa yìí. A rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fàiná wá láti máa ṣọ́ ọ̀nà, kí àwọn oníṣòwò lè kọjá ní àlàáfíà. Nítorí náà kì í ṣe àwa ni yóò sọ pé kí olórí tí ó ní agbára láti tú ọ̀nà sílẹ̀ ká ọwọ́ gbera kí ó máa wò.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá, a sì fẹ́ sọ bí a ti ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa, a kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ oníṣòwò ní Làìbéríà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ti tú káàkiri Gánà àti Kódífúà nítorí òwò. Owó rẹ̀ ni a fi rán ìyá náà ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ECOMOG balẹ̀ ní 1990, àwọn ọmọ ogun Taylor bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ará Nàìjíríà kiri ní apá ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ oníṣòwò kan tí ó sá àsálà gba Kódífúà wá sí ilé ni ó mú ìròyìn wá pé a ti mú ọkùnrin náà lọ ní òru. A kò rí òkú rẹ̀, a kò sì rí ibojì rẹ̀. Ní ọdún 2003, nígbà tí a gbọ́ lórí rédíò pé Taylor ti dé Kàlàbá, ìyá yìí wí fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé, “Àwọn tí wọ́n ń ṣe àlàáfíà yìí, ta ni nínú wọn tí ó wá bi mí?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kọ́ wa ní ohun tí ìwé kò kọ́ wa. Bí ẹnìkan bá jẹ mí ní gbèsè, tí aládùúgbò mi sì wí fún un pé, “Máa lọ ní àlàáfíà, mo ti dárí rẹ̀ jì ọ́,” ọ̀làwọ́ ha ni aládùúgbò náà bí? Owó olówó ni ó fi ń ṣe oore. Ààrẹ ní ilé ní Kàlàbá. Ó lè fi í fúnni. Ó ní ẹ̀ṣọ́. Ó lè fi wọ́n ṣọ́ ẹni. Ó ní agbára láti wí pé, “Kì í ṣe lónìí.” Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá yìí, àti ọwọ́ àwọn ọmọ Sàró tí a gé, kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà kò sí nínú ohun tí ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tí ó ń làjà lè sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Kò lè ya ìwé gbèsè.

Ẹnìkan ní ìpàdé wa wí pé, kí a gbàgbé ohun tí ó ti kọjá, ìgbàgbé ni oògùn ogun. A bẹ̀ ẹ́ kí ó wo ẹ̀yìnkùlé wa. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ti gba ẹ̀mí púpọ̀, Ààrẹ Látòóṣà tìkára rẹ̀ sì ti kú sí ibùdó ogun ní 1885, kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kẹfà ọdún 1886, tí àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ti ń rìn láti ibùdó kan sí èkejì láti bẹ̀bẹ̀ fún un. A kọ ọ̀ràn Modákẹ́kẹ́ sínú àdéhùn náà pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò wá sí ìmúṣẹ bí a ti kọ ọ́. A kò dá ẹjọ́ láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ará wa ni àwọn méjèèjì. Ohun tí a rí ni pé ọ̀ràn tí a gbé sílẹ̀ ní 1886 ṣì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní 1981, àti láti 1997 títí wọ ọdún 2000, láàrin àwọn ọmọ ọmọ tí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Ó ku ọ̀ràn ìlérí. Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf gba ìjọba Làìbéríà ní oṣù Kìíní ọdún 2006, ó béèrè Taylor lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ìjọba wa dáhùn pé Làìbéríà lè wá mú un. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí Taylor fi pòórá ní Kàlàbá. Ní ọjọ́ 29 ni a mú un ní Gamboru, ní ibodè Borno àti Kamẹrúùnù, a sì fi í ránṣẹ́ lọ sí Monrovia, láti ibẹ̀ lọ sí Sàró. Àwọn kan ń wí títí di òní pé Ààrẹ da ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti pé kò sí aláṣẹ ìkà mìíràn tí yóò tún gba ìlérí ilẹ̀ wa gbọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Nígbà tí a bá kà á pé Dáfídì búra fún Ṣímẹ́ì pé òun kì yóò pa á, tí ó sì fi ọ̀ràn rẹ̀ lé Sólómọ́nì lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kú lọ, a kì í lè fi inú dídùn ka ibẹ̀.

Ní tiwa, a kò gbà pé àṣìṣe wà nínú fífà á lé wọn lọ́wọ́. Àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ohun tí a gbọ́ ketekete nígbà tí ọkùnrin náà wọ Kàlàbá ni pé kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀ràn ìjọba Làìbéríà mọ́. Pé a lè fà á lé ìjọba tí àwọn ará Làìbéríà bá dìbò yàn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni Ààrẹ wá sọ ọ́ ní gbangba. Ààlà tí a kò fi han àlejò nígbà tí ó ń wọlé a máa dàbí ẹ̀tàn nígbà tí a bá fà á níkẹyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òdodo. Bí a bá ti sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, ìyá inú ìjọ wa ìbá ti mọ̀ pé a kò ya ìwé òun.

Ẹnìkan yóò wí pé, bí a bá ti sọ ọ́, Taylor kì bá tí lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wà lójú òkun níwájú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun wa sì ti balẹ̀. Kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti yàn nínú wọn. A kò lè búra lórí èyí. A kàn mọ̀ pé ẹni tí ń ra àlàáfíà gbọ́dọ̀ sọ iye tí ó ń san fún un, kí àwọn tí a ń fi ohun ìní wọn san án lè gbọ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2012 a dá Taylor lẹ́bi ní ilẹ̀ Họ́láńdì, a sì fún un ní àádọ́ta ọdún ní ẹ̀wọ̀n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi í ránṣẹ́ sí. Ìyá náà bi wá léèrè nígbà náà pé ṣé ti ẹ̀gbọ́n òun ni. A ní láti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sàró nìkan ni a ṣe dá a lẹ́jọ́, kò sì tíì sí ilé ẹjọ́ kan nígbà náà tí ó jókòó ní Làìbéríà lórí àwọn tí a pa ní Làìbéríà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 Ààrẹ Joseph Boakai fọwọ́ sí àṣẹ láti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò la ọ̀nà fún irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. A lọ sọ fún un lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ó béèrè pé, “Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé wọn yóò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀?” A wí fún un pé a kò mọ̀. Ó ní kí a sáà bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. A kọ orúkọ náà, àti orúkọ bàbá rẹ̀, àti orúkọ ọjà tí ó ti ń ta aṣọ, ó sì fi ìwé náà sí àárín Bíbélì rẹ̀.