Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ríran: Ìrètí Nínú Ìpọ́njú Lásìkò Lẹ́ńtì

"Bí a bá ń sunkún, à máa ríran," ni àwọn àgbà wí. Lẹ́ńtì ni ìgbà tí ìjọ Kristẹni ń fi òwe yìí ṣèwà hù. Ìgbà ẹkún ni lóòótọ́: aṣọ elésè àlùkò ni àlùfáà ń wọ̀, àwọn Kátólíìkì kì í sì í kọ Halelúyà títí di òru Àjíǹde. Síbẹ̀, ojú tó ń sunkún ń wo ibi tó ń lọ. Láti Ọjọ́rùú Eérú títí dé ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ 46. Bí a bá yọ Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀, ó ku 40, iye ọjọ́ tí Jésù fi gbààwẹ̀ ní aginjù. A kì í ka àwọn Ọjọ́ Ìsinmi náà mọ́ ààwẹ̀, torí pé ìrántí àjíǹde ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan nínú Lẹ́ńtì, bó ti wù kó le tó, tí kò ní ọjọ́ ayọ̀ tirẹ̀.

Eérú tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pàápàá ní ọ̀rọ̀ nínú. Imọ̀ ọ̀pẹ tí àwọn ọmọ ìjọ gbé lọ́wọ́, tí wọ́n fi kọrin yí àdúgbò ká ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá, ni wọ́n sun. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ti fi hun àgbélébùú kékeré, wọ́n ti fi há ara ògiri. Nígbà tí ọdún bá yípo, á ti gbẹ táútáú. Wọ́n á kó o padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sun ún, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Fadá á wá fi àtàǹpàkò tọ́ ọ, á fi sàmì àgbélébùú síwájú orí olówó àti tálákà. Ohun tí a fi yọ̀ lésìí ló di eérú lọ́dún yìí. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹni tó bá gba eérú náà tọkàntọkàn ti gbà pé ayọ̀ lè jóná mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ti fẹsẹ̀ lé ọ̀nà tó lọ sí Àjíǹde lọ́jọ́ kan náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni èrò pé ẹni tó ní ìrètí kò gbọdọ̀ sunkún. Obìnrin kan á sin ọkọ rẹ̀ lónìí. Kó tó dọ̀la, wọ́n á ti ní kó nu ojú nù, pé omijé rẹ̀ ń fi àìnígbàgbọ́ hàn. Ìyẹn ò bá Lẹ́ńtì mu rárá. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ní Gẹtisémánì, ó bẹ̀bẹ̀ kí ife ìyà náà ré òun kọjá. Lórí igi àgbélébùú, ìbẹ̀rẹ̀ Orin Dáfídì kejìlélógún ló fi ké, tó ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tó fi òun sílẹ̀. Ìyìn ló gbẹ̀yìn orin náà, ṣùgbọ́n igbe ló ṣíwájú. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹni tí nǹkan ń dùn sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí gan-an, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Olùtùnú náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó tì í nílẹ̀ fún ọ̀sán méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀, torí wọ́n rí i pé ìrora rẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe tó dára jù nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á, ni wọ́n bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Fún ẹni tó lọ kí ọlọ́fọ̀, "ẹ kú ará fẹ́ra kù" ti tó. Kó jókòó, kó bá wọn fọ abọ́, kó bá wọn mú ọmọ lọ sílé ìwé. Ìwàásù lè dúró.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyà kún ìyà. Nínú òfin ìjọ Kátólíìkì, láti ọmọ ọdún 18 títí di 59 ni ààwẹ̀ kàn, Ọjọ́rùú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere nìkan ló sì pọn dandan: oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú ìpápánu méjì. Kò kan aláìsàn, kò kan aláboyún. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó wá ń febi pa ara rẹ̀, ń ṣe ara rẹ̀ léṣe ni.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí ìrètí ń náni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́, wọ́n sì pa nǹkan bí ogójì èèyàn, tọmọdé tàgbà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì, ọdún 2023, Lẹ́ńtì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpakúpa náà bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún? Ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ni wọ́n tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣí fún ìsìn. Òkú kankan ò tìtorí ìyẹn padà wálé. Àwọn tó kù ló padà wọ ilé tí wọ́n ti fojú rí ikú, wọ́n sì kọ Halelúyà níbẹ̀.

Ààwẹ̀ á tán, ìpọ́njú ẹlòmíràn ò ní í bá a tán. Ìjọ mọ èyí: ọjọ́ 50 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àjọyọ̀ Àjíǹde, títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, ó sì fi ọjọ́ mẹ́wàá ju ààwẹ̀ lọ. Kí ẹni tó ń bẹ ọlọ́fọ̀ wò nígbà Lẹ́ńtì má ṣe fi ẹsẹ̀ mọ́lé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde; kó máa lọ ní gbogbo àádọ́ta ọjọ́ náà.